Fóònù Tí Yóò Dá Wa Padà Sọ́dọ̀ Ènìyàn: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ṣíṣe Áàpù Ìtọ́jú Ara Ẹni fún Àwọn Tí Másùn-máwo Ń Bá Fínra

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí ni bí àwa tí à ń sọ èdè Yorùbá yóò ti ṣe gbé áàpù kan kalẹ̀, èyí tí ẹni tí másùn-máwo ti dè mọ́lẹ̀ yóò máa ṣí lórí fóònù rẹ̀, tí yóò sì fi tọ́jú ara rẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. N kò ní fi èrò mi pamọ́ fún yín títí di ìparí: áàpù tí ó yẹ kí a ṣe ni èyí tí yóò dá ènìyàn padà sọ́dọ̀ ènìyàn, bí a bá sì kùnà ní ibi kan ṣoṣo yìí, gbogbo ọgbọ́n yòókù tí a bá dá sí i, òtúbáńtẹ́ ni.

Kí a tó dé orí fóònù, ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀nà ara kọjá, nítorí inú ara ni ìdààmú ọkàn fi ṣe ibùgbé. Ní ọdún 1915 ni Walter Cannon, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara nígbà tí ìrora, ebi, ẹ̀rù tàbí ìbínú bá mú ẹ̀dá, tí ó ṣàlàyé pé ẹran kékeré méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín máa ń tú èròjà kan tí a ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, tí àyà yóò fi máa lù kìkì, tí èémí yóò fi yára, tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kúrò ní ìfun lọ sí apá àti ẹsẹ̀, kí ẹni náà lè jà tàbí kí ó lè sá. Ní ọdún 1936, Hans Selye, ẹni tí a bí ní Vienna ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, kọ ìwé kúkúrú sí ìwé ìròyìn *Nature*, pé bí òun ti fi òtútù, ọgbẹ́, iṣẹ́ àṣekúdórógbó àti oògùn líle dán àwọn eku wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà ni ara wọn ń ṣe: wọn a kọ́kọ́ ta gìrì, wọn a fara dà á fún ìgbà díẹ̀, bí ìyà náà kò bá sì dáwọ́ dúró, wọn a rẹ̀ dànù.

Ẹkùn a máa lé ni, a sì máa padà lẹ́yìn ẹni; owó ilé kì í padà lẹ́yìn ẹni. Ara tí Ẹlẹ́dàá fi adrenaline gbè lẹ́sẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ ẹranko ni a ń lò lónìí láti fi dojú kọ gbèsè, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, owó oṣù tí kò wọlé, àti ìròyìn burúkú tí ń já lé ni lórí láti inú fóònù kan náà tí a fẹ́ fi ṣe ìwòsàn. Nígbà tí ìdágìrì náà kò bá ní ìsinmi, oorun a fò lọ lójú, ẹ̀jẹ̀ a ru, oúnjẹ a kọ̀ láti dà, ẹni tí ó jẹ́ onísùúrù láàárín ọmọ àti aya a sì di abínú-fùfù. Mo ń sọ èyí nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn gidi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ tàbí aláìnígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí. Kì í ṣe ìwà ni ó bàjẹ́. Ara ni kò rí àyè sinmi.

Mo sì fẹ́ kí a sọ òótọ́ mìíràn jáde ní gbangba: áàpù kò lè san owó ilé. Bí a bá sọ fún òṣìṣẹ́ tí ìjọba jẹ ní owó oṣù púpọ̀ pé kí ó máa mí kanlẹ̀, tí a kò sì sọ fún ìjọba pé kí ó san owó rẹ̀, a ti bú ẹni náà ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tí gbèsè dé àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òru ni ó wà níbẹ̀, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ sùn kí ó lè jí bá iṣẹ́. Àyè tí ó wà láàárín méjèèjì yìí ni mo ń wá fún áàpù wa, kò sì kéré.

Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, ọmọ abẹ́ Olúmọ, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1923, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó padà wálé ní ọdún 1954 láti wá ṣe àkóso ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Aró. Nígbà tí ó dé, ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Dípò kí ó káwọ́ lẹ́rán, kí ó máa dúró de bíríkìlà, ó tọ àwọn baálé abúlé mẹ́rin tí ó wà nítòsí lọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan a mú ẹbí rẹ̀ kan wá, ìyá, àbúrò tàbí àǹtí, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, a padà sínú abúlé, a jókòó níbi tí àwọn àgbà ti ń ta ayò, a sì bá wọn lọ sí ibi ìkómọ àti ijó. Lámbò kò lé àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ sẹ́yìn. Ó pè wọ́n mọ́ra. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva nígbẹ̀yìn. Ohun tí ó fi hàn wá ni pé abẹ́rẹ́ àti oògùn ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n “ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?” tí a ń kí aláìsàn ní ìdí ààrò wà lára ìtọ́jú náà.

Ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, Dixon Chibanda, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn ọkàn, tún gba ọ̀nà yìí kan náà lọ́nà tirẹ̀. Oníṣègùn ọkàn kò pọ̀ rárá ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, yàrá kò sì sí fún un nínú ilé ìwòsàn. Nítorí náà ní ọdún 2006, ní àdúgbò Mbare, ó kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní ọ̀nà tí a fi ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ìrònú ti borí, ó sì gbé bẹ́ǹṣì onígi sí ìta fún wọn kí wọ́n máa jókòó níbẹ̀. Ìyá àgbà a fi ìbéèrè mẹ́rìnlá wádìí ìwọ̀n ìdààmú náà. A ní kí ẹni tí ó wá ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀. A wá ní kí ó mú ẹyọ kan nínú wọn, kí ó sì wá ìgbésẹ̀ kan tí agbára rẹ̀ ká. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn 573, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, fi hàn pé àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà sàn ju àwọn tí wọ́n gba ìtọ́jú gbogbogbòò lọ, ìyàtọ̀ náà sì hàn ketekete lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ohun tí àwọn baba wa ti wí ni àwọn ìyá àgbà Mbare ṣe.

A ó bi mí léèrè pé, bí ènìyàn bá ni oògùn, kí ni a ń wá lọ sórí fóònù? Ìdáhùn mi ni pé ìyá àgbà a máa sùn, abúlé a sì máa jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan tí ń ta ata ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, kí a má sì dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn irú rẹ̀ pọ̀. Aago méjì òru ni. Inú yàrá kan ni òun, ọkọ àti àwọn ọmọ sùn sí. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Bátìrì fóònù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ojú fóònù náà sì ti sán láti ọjọ́ tí ọmọ ti jù ú sílẹ̀. Owó àjọ tí yóò dá ní òwúrọ̀ kò pé. Ata tí ó rà ní àpò ti ń jẹrà. Àwọn áàpù ńlá tí ayé mọ̀, bí Headspace tí a dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 2010 àti Calm tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2012, ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lóore, n kò sì wá síbí láti bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìyá yìí bá ṣí wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò pàdé, wọn yóò bèèrè ímeèlì tí kò ní, àti káàdì báńkì tí yóò fi san owó. Kó tó bọ́ nínú ìyẹn, ilẹ̀ á ti mọ́.

Áàpù tiwa kò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ràn án lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo ni kí ó fi ìka tẹ̀. Kí ojú fóònù má tàn yòò kí ó má baà jí ọmọ. Kí ó gbé fóònù náà lé àyà, kí fóònù sì máa gbọ̀n jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tí yóò fi mí sínú, kí ó sì dákẹ́ fún mẹ́fà tí yóò fi mí síta. Mẹ́wàá ni méjèèjì, èyí tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkàn a máa sáré díẹ̀ nígbà tí a bá ń mí sínú, a sì máa rọra nígbà tí a bá ń mí síta, nítorí náà ẹni tí ó bá fa èémí ìta gùn ń ti ọkàn rẹ̀ sí ọ̀nà ìrọ̀rùn láìjẹ́ pé ó mọ orúkọ iṣan kankan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kò gba dátà, nítorí orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí òòyì bá kọ́ ọ, kí ó dáwọ́ dúró. Àwọn kan sì wà tí títẹ́tí sí èémí ara wọn máa ń dá kún ìpayà wọn, àwọn wọ̀nyí ni kí áàpù sọ fún pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí wọ́n ka ohun tí etí wọn ń gbọ́: ìró ẹ̀fọn, ẹ̀ńjìnnì tí ń dún lọ́nà jíjìn, èémí ọmọ.

Ohùn ni kí ó gba ipò ìwé kíkọ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí àìmọ̀wé nìkan, nítorí ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá kì í fẹ́ kàwé nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já. Ní Uganda, láàárín àwọn obìnrin tí ogun lé kúrò ní Gúúsù Sudan, Àjọ Ìlera Àgbáyé dán ẹ̀kọ́ kan wò tí a ká sílẹ̀ bí ohùn ní èdè tí wọ́n ń sọ, pẹ̀lú ìwé tí ó kún fún àwòrán. Àbájáde rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé ìdààmú àwọn tí ó gbọ́ ọ dín kù. Tiwa, mo fẹ́ kí ó jẹ́ ohùn ìyá tí ó ti bímọ, tí yóò sọ pé “ẹ kú àìsùn o,” kí ó tó sọ ohun mìíràn. Kí ó máa wí “ẹ” fún gbogbo ènìyàn, nítorí ọmọ ogún ọdún kò ní bínú pé a bọ̀wọ̀ fún òun, ṣùgbọ́n ẹni ọgọ́ta ọdún tí ẹ̀rọ kan bá pè ní “ìwọ” yóò pa á dé, kò sì ní ṣí i mọ́.

Ohun tí ó wà lọ́kàn mi jù nínú iṣẹ́ yìí wá ni oríkì. Gbogbo ẹni tí ó wà níhìn-ín ni ó mọ ohun tí ń ṣe ara nígbà tí a bá pe oríkì ẹni: orí a wú, èjìká a tọ́, omi a sì dé ojú láìjẹ́ ti ìbànújẹ́. Ẹni tí ìṣòro ti sọ di ẹnìkan ṣoṣo ní àárín òru a tún di ọmọ ẹnìkan, ọmọ Olúfẹ̀ tàbí ọmọ Ìkòyí, ẹ̀ka igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà kí gbèsè tó dé. Mo fẹ́ kí áàpù wa ní yàrá kan nínú rẹ̀ tí ìyá, ìyá-ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni yóò ti ká oríkì ẹni sílẹ̀ ní ohùn ara rẹ̀, kí ẹni tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àṣàkẹ́ lè tẹ ibẹ̀ ní aago méjì òru kí ó gbọ́ ẹni tí ó bí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ká Sáàmù síbẹ̀, kó ká a. Ẹni tí ó bá fẹ́ ká àdúà, kó ká a. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ oríkì ara wọn mọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: kí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè rí ohun tí yóò fi sínú yàrá náà, ó gbọ́dọ̀ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tàbí kí ó lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni kí áàpù bèèrè ọ̀rọ̀, kí ìbéèrè rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ó jọ ti ẹnu wa. Raymond Prince, oníṣègùn ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Aró, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí orí ń gbóná fún, tí nǹkan ń rìn lórí, tí wọ́n ń kàwé tí kò wọlé. Bí a bá bi irú wọn pé “ṣé inú yín bàjẹ́?” wọn yóò ní rárá, bí a bá bi wọ́n pé “ṣé orí yín ń gbóná?” ọ̀rọ̀ yóò tú jáde. Lẹ́yìn náà ni kí áàpù ṣe bí àwọn ìyá Mbare: ẹ ka àwọn ìṣòro yín, ẹ mú ẹyọ kan, kí ni ẹ lè ṣe sí i lónìí, ta ni ẹ lè bá sọ ọ́? Kí orúkọ ẹni náà jáde gbàǹgbà, kí bọ́tìnnì tí yóò pè é wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi kíka ọjọ́ há ènìyàn mọ́ áàpù: o ti ṣí i fún ọjọ́ mẹ́wàá, má jẹ́ kí ó já. N kò fẹ́ ẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta kò gbọdọ̀ padà bá ìbáwí nínú ohun tí a ní kí ó fi sinmi. Ní tèmi, ọjọ́ tí ẹnìkan kò bá nílò áàpù yìí mọ́ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ẹnu kò mẹ́nu, ètè kò métè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn wa ti fi ojú rí màbo lọ́wọ́ àwọn áàpù tí ń yá ni lówó, àwọn tí wọ́n ń kó gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù olùyáwó, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni, títí àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà fi dìde sí wọn ní ọdún 2022. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2023, ìjọba fi ẹ̀sùn kan BetterHelp, tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì so ènìyàn mọ́ olùgbaninímọ̀ràn, pé ó fi ọ̀rọ̀ ìlera àwọn oníbàárà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Facebook àti àwọn mìíràn fún ìpolówó ọjà, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là. A ní òfin ààbò dátà tiwa láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n ohun tí a kò gbà lọ́wọ́ ẹni, kò sí bí a ti lè tà á. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so gbogbo nọ́ńbà fóònù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Nítorí náà nọ́ńbà tí áàpù bá gbà lọ́wọ́ ẹnìkan ni a ti so mọ́ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti àwòrán ojú rẹ̀. Ẹ má gbà á. Áàpù PTSD Coach tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń tọ́jú àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì gbé jáde ní ọdún 2011 kì í bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni, kì í sì í gba owó, a lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí orúkọ àti àmì tí ó wà lójú fóònù má sì tú àṣírí oní-nǹkan, nítorí fóònù ìyá a máa wà lọ́wọ́ ọmọ, a sì máa wà lọ́wọ́ ọkọ.

Ibi tí ọ̀ràn ti le jù ni ibi tí ẹnìkan bá sọ fún áàpù pé ayé ti sú òun. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ka ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀ tí a lè sọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, ìbẹ̀rù òfin yìí sì ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn dé. Kí áàpù má ṣe kọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ síbì kankan. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Kí ó má ṣe fi ẹ̀rọ dá a lóhùn. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara, nọ́ọ̀sì tàbí olùgbaninímọ̀ràn tí ó gbọ́ Yorùbá, ni kí ó wà lẹ́nu fóònù lọ́sàn-án lóru, kí ìpè náà má sì jẹ owó káàdì. Bí a kò bá tíì rí owó tí a ó fi san àwọn wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kí a tíì gbé áàpù náà jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ lọ jókòó ti ìyá aláta ní ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kan sínú kọ̀ǹpútà, ẹ bi í ohun tí ó máa ń ṣe nígbà tí oorun bá kọ̀, kí ẹ sì fi fóònù rẹ̀ tí ó sán dán iṣẹ́ yín wò. Ẹ ṣe èyí tí a lè fi fóònù tọ́ọ̀ṣì pè kí ohùn kan náà dáhùn. Ẹ ká ohùn ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó, ní Ìgbómìnà, kí ẹ sì sọdá sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, nítorí ohùn ilé ẹni ni ara máa ń gbọ́ kíákíá jù. Ní ti owó, mo fẹ́ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní London àti Houston dá a jọ, kí áàpù náà jẹ́ ti gbogbo ìlú, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ fi ìpolówó ọjà kankan sínú rẹ̀, pàápàá ti àwọn tí ń yá ni lówó àti ti àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́.